Ìwé Tí Kò Ní Aago

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ yìí láti ojú fèrèsé àjà kẹta, láti aago mẹ́fà sí aago mẹ́fà ààbọ̀: ọkọ̀ méje ló wà ní èbúté. Mẹ́rin jẹ́ ọkọ̀ ẹrù. Mẹ́ta jẹ́ ọkọ̀ ogun, àwọn tí a ń pè ní eléérú níbí nítorí àwọ̀ wọn. Ajá kan tó ń tiro ń lá omi ọṣẹ ní ẹnu gọ́tà wa. Ọkùnrin méjì ń fi ọ̀dà funfun kun ara odi èbúté, nítorí àwọn kan ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé "Àwọn Tuntun ń bọ̀." Ọ̀dà náà kò nípọn. Mo ṣì ń ka ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ rẹ̀. Ẹrù aṣọ mọ́kànlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ kí a tó ṣílẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi: kí n kọ ohun tí ojú rí, kí n fi èrò sílẹ̀, kí ìkíni tẹ̀lé e, kí n sì fi aago tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ parí rẹ̀, nítorí ìwé tí akọ̀wé èbúté kò bá kọ aago sí nídìí, ìwé irọ́ ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ ti ń ka ẹrù ní èbúté, mi ò rí ọjọ́ kan tí ẹ gbàgbé aago.

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín? Kì í ṣe ìgbà tí orí bá ń fọ́ yín nìkan ni wọ́n ń lò ó.

Iṣẹ́ ń lọ. Aṣọ ibùsùn àwọn atukọ̀ ni mò ń fọ̀. Mò ń kà wọ́n bí wọ́n bá wọlé, mo tún ń kà wọ́n bí wọ́n bá ń jáde. Aṣọ kan, atukọ̀ kan. Èmi àti Ìyá Aláyọ́ọ̀nù la jọ wà nídìí tábìlì. Ọmọ ìlú àwọn Àgbà níbí ni, òun ló ń lọ aṣọ. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Nígbà tí rédíò sọ pé àwọn Tuntun ti gba èbúté ìlú wa lọ́wọ́ àwọn Àgbà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ tà á ni, àbí wọ́n bá a nílẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kì í jẹ́jọ́."

Òun náà ló sọ fún mi pé bí ọkọ̀ eléérú bá fẹ́ ṣí, àwọn atukọ̀ rẹ̀ á wá kó aṣọ wọn ní tútù, wọn kì í dúró kó gbẹ. "Bí o bá rí aṣọ tútù lọ́wọ́ atukọ̀, bá ìyá rẹ̀ sunkún." Mo ti ń ṣọ́ ọ. Òótọ́ ni.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi aránṣọ. Ẹ ní kó fèsì ìwé mi.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Panumọ́ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Panumọ́ ọmọ mi,

Ohun tí ojú èmi náà rí: ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí àwọn Tuntun wọlé, wọ́n sọ àsíá àwọn Àgbà kalẹ̀ lórí ilé èbúté. Ọ̀gá àtijọ́, ẹni tó fi ogún ọdún pè mí ní "ìwọ yẹn", fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù sínú mọ́tò. Mọ́tò kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ìwọ yẹn, wá bá mi tì í." Mo ní, "Ọ̀gá, mò ń ka ẹrù." Àpótí méjì ni ẹrù rẹ̀. Mo kà á.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn Àgbà wà lọ́jà wa fún ogójì ọdún, orí wa wọ́ títí ọrùn fi yẹ̀. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà tiwa ló dé yìí.

Ọ̀gá tí àwọn Tuntun rán wá, Ọ̀gá Kúkúrú la ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Kò ga ju àpò sìmẹ́ńtì méjì tí a gbé nàró lérí ara wọn lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní ló ti mọ orúkọ mi. Ó fún mi ní tábìlì. Ó fún mi ní àga tó ń yí. Panumọ́, mo lè wo òkun, kí n yí, kí n wo ògiri, kí n tún yí padà sí òkun láìdìde! Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n rọra kí òòyì má baà kọ́ mi.

Lẹ́tà rẹ dé nígbà tí Ọ̀gá Kúkúrú dúró tì mí. Mo kà á sókè kó lè mọ irú ọmọ tí mo bí. Mo ṣàlàyé òfin aago wa fún un, ó ní irú akọ̀wé tí òun ń wá nìyí. Nígbà tí mo dé ibi aṣọ tútù, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní kí o máa kọ ti àwọn eléérú dáadáa: mélòó ni wọ́n, ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣí, aṣọ mélòó ni wọ́n kó. Lẹ́tà rẹ dùn mọ́ ọn púpọ̀.

Mò ń lo oògùn. Má dà mí láàmú.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án géérégé.

Bàbá rẹ, Alága Tó Ń Yí.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: ẹyẹ funfun mẹ́tàdínlógún lórí òrùlé. Bàtà kan nínú gọ́tà, ti ẹsẹ̀ òsì. Ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ, òǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀. Mo dà á kọ: "Àlejò tó bá fi ìròyìn èbúté ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá." Mi ò kọ iye ọkọ̀. Ẹ má bínú.

Ẹ kú oríire àga, Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti àpótí méjì. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ka lẹ́tà mi fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ dáná sun èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀gá Kúkúrú kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Ẹni tó ní kí ẹ ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, dídùn kọ́ ló dùn mọ́ ọn. Ó ń há a sórí ni.

Àwọn obìnrin yòókù ní ilé ìfọṣọ, àwọn tó ń fi ọṣẹ sí aṣọ, ti kúrò nítòsí tábìlì wa. Wọ́n ní ará ìlú tó gba àwọn Tuntun láyè kò gbọdọ̀ fara kan omi àwọn. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù nìkan ló kù. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n lọ. Àyè gbà mí wàyí."

Ẹ fèsì, ẹ sọ pé ẹ ti gbọ́. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Panumọ́ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin

Ìwọ,

Mi ò rí ohun tí n óò fi kí ọ.

Ẹyẹ mẹ́tàdínlógún. Ojú Ọ̀gá Kúkúrú ni mo ti ṣí lẹ́tà yẹn, mo ti sọ fún un pé iye ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ka ti ẹyẹ, ó fi ẹsẹ̀ ti àga mi, àga yí pẹ̀lú mi nínú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ẹlẹ́yẹ." Gbogbo èbúté ló gbọ́. Àwọn tó ń ru ẹrù, tí mo lè bí lọ́mọ, bí mo bá ń kọjá báyìí, wọ́n á máa ké bí ẹyẹ.

Ta ló ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ kí o lè wọ ọkọ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ ló yẹ kó jogún rẹ̀. Ó ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán aṣọ títí di òní, ojú rẹ̀ ń lọ. Ìyá rẹ ń kú lọ, orúkọ rẹ ló ń pè, ìwọ wà lọ́hùn-ún, ò ń fọ ìdọ̀tí ara àwọn tó ń pe bàbá rẹ ní "ìwọ yẹn". O wá ń bá wọn pa àṣírí mọ́! Ṣé wọ́n ti gbà ọ́ lọ́mọ ni? Lọ wo ojú rẹ nínú dígí, kí o wá sọ fún mi bóyá ojú wọn lo rí níbẹ̀.

Ọmọ tó lè ka aṣọ fún àjèjì tí kò lè kà á fún bàbá rẹ̀, ọmọ ta ni? Bí lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀ kò bá ní iye ọkọ̀ àti iye aṣọ, má ṣe fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ mi, n óò ní ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, aránṣọ ni.

Mi ò fẹ̀yìn lélẹ̀. Orí àga ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: ọkọ̀ mẹ́sàn-án. Eléérú mẹ́rin. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, atukọ̀ mẹ́fà láti inú eléérú kejì wá kó aṣọ ibùsùn ọgọ́sàn-án, ní tútù. Omi ń ro lára wọn láti tábìlì mi títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀nà omi tóóró làwọn ń lọ ṣọ́, àwọn yóò sì wà níbẹ̀ títí di oṣù Keje.

Ohun tí ẹ ní kí n kọ nìyẹn. Ẹ kú ilé.

Mo ti wo dígí.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago kan òru.

Panumọ́.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje

Panumọ́ mi, ọmọ tó gbé orí bàbá rẹ̀ ga,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ! Ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ yìí ni orí ara mi nínú dígí, fìlà tuntun lórí rẹ̀, okùn wúrà yí i ká. Ọ̀gá gbogbo akọ̀wé ni wọ́n fi mí ṣe. Yàrá tèmi, ilẹ̀kùn tèmi, àga náà sì tẹ̀lé mi wọlé.

Àwọn Tuntun lọ bá eléérú kejì yẹn ní ọ̀nà omi tóóró. Ọ̀gá Kúkúrú sọ ọ́ sí mi létí pé kò tó ìdajì wákàtí. Ọ̀nà omi ti di tàwọn Tuntun, ọkọ̀ náà sì wà lójú omi, títì ni wọ́n ń tì í lọ sílé bíi mọ́tò ọ̀gá àtijọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń gbá wa létí. Ìgbátí kan ṣoṣo la dá padà, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ mi wà nínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń ké bí ẹyẹ mọ́. Ẹni tó ké gbẹ̀yìn, ìdí sìmẹ́ńtì ni mo gbé e lọ. Kó máa ké níbẹ̀, kí n gbọ́.

Gbàgbé ohun tí mo kọ lóṣù Kẹrin. Inú ló bí mi. Máa kọ báyìí lọ.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo sùn bí òkúta.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọkùnrin tó ń dáná nínú ọkọ̀ ẹrù kan ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí yín, kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbéra.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ àná: yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Tábìlì kan. Ife tíì méjì. Lẹ́tà mi sí Bàbá láti ìgbà tí mo ti kọ ti ẹyẹ: wọ́n ti dà wọ́n kọ, wọ́n fi ìlà pupa sábẹ́ gbogbo iye. Obìnrin kan, òṣìṣẹ́ ìjọba àwọn Àgbà, tó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ilẹ̀, tí kò bọ́ ọ nígbà tó ń bu ṣúgà, tí kò bọ́ ọ nígbà tó ń mu tíì.

Mo bi í pé, "Ẹ ti rí lẹ́tà ti aṣọ tútù kó tó kúrò níbí?"

Ó ní, "A rí i."

"Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kó lọ?"

"A fẹ́ mọ ẹni tó ń kà á lọ́hùn-ún."

Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ ọgọ́sàn-án ló bá ọkọ̀ yẹn lọ. Ogóje ló padà. Èmi ni mo kà wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo sọ fún un pé ogójì kò padà. Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n kà ni?" Ọmọ ọmọ Ìyá Aláyọ́ọ̀nù wà nínú ogójì náà. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò rò pé ó mọ̀. Mi ò rò pé kò mọ̀.

Oníbọ̀wọ́ ní ọ̀nà méjì ló wà: ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá, tàbí kí n máa kọ̀wé sí Bàbá bíi ti tẹ́lẹ̀, kí àwọn máa sọ iye tí n óò kọ fún mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n lù mí. Tíì ni wọ́n fún mi. Mo mu ún, mo sì gbà.

Irọ́ ni iye náà. Àwọn Tuntun yóò fi ọkọ̀ wọn lé ohun tí kò sí, ọwọ́ wọn yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú ìròyìn wá. Torí náà ni mi ò ṣe ní kọ aago sí ìdí èyíkéyìí nínú wọn. Oníbọ̀wọ́ bi mí nípa aago. Mo ní ọ̀sán ni mò ń kọ ti ibí, níwájú yín, mi ò tíì sùn. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò rí lẹ́tà oṣù Kejì tí mo ti ṣàlàyé òfin náà.

Ẹ lọ bá Bàbá. Wákàtí mẹ́ta péré ni láti ilé yín sí ti Bàbá. Ẹ ní ìwé tí kò bá ní aago kì í ṣe tèmi. Kó sun ún. Kó ní kò dé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì wà láàárín wa. Ẹ gbé e tì síbẹ̀ ná, ẹ gbéra.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ rí i pé mo kọ ọ́.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹjọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oríire fìlà tuntun! Ayọ̀ mi kún. Ara mi dá ṣáká, oúnjẹ ibi dára púpọ̀, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn mi.

Mo rí ọkọ̀ eléérú mọ́kànlá láàárọ̀ yìí. Gbogbo wọn ló ti wá kó aṣọ wọn ní tútù, ẹgbẹ̀rún kan àti igba. Ìhà àríwá ni gbogbo wọn ń lọ, wọn yóò sì pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ máa kọ̀wé sí mi.

Ọmọ yín nínú ayọ̀,
Panumọ́.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án

Panumọ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ọ̀gá Kúkúrú fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, òun tí kò dé èjìká mi. Àwọn Tuntun ti kó ọkọ̀ jọ, wọ́n dorí kọ àríwá lánàá. Fèrè wọn dún títí etí mi fi di.

Ṣùgbọ́n o gbàgbé aago. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀, ó ti rẹ ọmọ. Ọ̀gá Kúkúrú sì ti mọ òfin wa, ìdí ìwé ló kọ́kọ́ máa ń wò. Kí ó tó wọlé, mo bá ọ kọ ọ́, pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ gan-an. Kò ṣòro, ṣebí èmi ni mo di ọwọ́ rẹ mú nígbà tí o kọ́kọ́ mú gègé.

Aago mẹ́sàn-án ni mo kọ. Mo fẹ́ kí o máa tètè sùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì yọjú látoṣù méjì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò jẹ́ kó ráyè.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, èmi náà, ká lè jọ sùn pọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mi ò gbàgbé aago rí láyé mi. Ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń sọ nípa ìwé tí kò ní in. Ẹ fi fìlà sílẹ̀, ẹ fi àga sílẹ̀, ẹ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi lónìí. Bàbá mi, lónìí.

(Ìkọ̀wé mìíràn, gègé pupa, lókè lẹ́tà yìí: Èyí kò lọ. Tún un kọ. Fi ìkíni kún un.)


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá

Àbúrò mi,

Mi ò kí ọ.

Ọkọ̀ alásè rẹ ò rí ọ̀nà omi tóóró gbà nítorí ìjà wọn. Ó yí gba èbúté mẹ́rin. Ọjọ́ kejì oṣù yìí ni lẹ́tà rẹ tó dé ọwọ́ mi. Mi ò ti abẹ́rẹ́ bọ inú ike, mo gbéra. Wákàtí mẹ́ta ni o sọ? Wákàtí méjì ààbọ̀ ni mo fi dé.

Àga ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà ní ìta, lẹ́nu géètì èbúté, Bàbá wà nínú rẹ̀, wọ́n fi okùn ẹrù dè é mọ́ ọn. Àwọn Tuntun ti dé àríwá, wọn ò bá nǹkan kan, àwọn Àgbà sì ti gba ọ̀nà omi lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá Kúkúrú ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé yí àga náà lẹ́ẹ̀kan kó tó kọjá. Wọ́n yí i dáadáa. Wọ́n ń ké bí ẹyẹ. Ẹni tí Bàbá gbé lọ sídìí sìmẹ́ńtì, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lòun yí i, ó tún padà lọ tò.

Ìwọ tí o fẹ́ràn òótọ́, gba òótọ́. Wọ́n bi Bàbá léèrè bóyá ìwọ lo kọ lẹ́tà náà. Ó ní, "Ọmọ mi ló kọ gbogbo rẹ̀, àfi aago, aago ni mo bá a kọ." Ó rò pé òun ń gbà ọ́ sílẹ̀ ni. Ọ̀gá Kúkúrú ní, "Ìwọ lo kọ́ mi pé ìwé tí kò ní aago, irọ́ ni. O mọ̀ pé irọ́ ni nígbà náà, o sì tọ́jú rẹ̀ fún mi." Òfin ara Bàbá ni wọ́n fi dè é.

Nígbà tí mo tú okùn, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ìdajì ẹnu rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ife tíì kan. Bàbá àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa, ife tíì kan lo fi pààrọ̀ wọn. Wọn ì bá lù ọ́, ì bá sàn fún mi.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún un. Mi ò fẹ́ kọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jẹ ọ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ó kọ aago sí tìrẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, aago mẹ́rin ìdájí. Ó ní, "Kò sùn dáadáa."

Èmi tí mo gbé e lé ẹ̀yìn wálé, kò bi mí bóyá mo sùn.

Má wá sílé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò ka èyí sí yín létí, bí ó bá fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fò kankan.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí, láti aago mẹ́fà sí aago mẹ́jọ: ọkọ̀ mẹ́wàá. Mẹ́ta jẹ́ ti ẹrù. Mẹ́rin jẹ́ eléérú. Mẹ́ta jẹ́ ọkọ̀ ogun àwọn Tuntun, wọ́n kùn wọ́n ní búlúù, wọ́n so wọ́n mọ́ àwọn eléérú ní okùn kan náà. Wọ́n ti fọwọ́ síwèé pé kí ọ̀nà omi jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ọkùnrin méjì ń fi ọ̀dà funfun kun odi. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ni wọ́n tún ń pa rẹ́, lọ́tẹ̀ yìí kí ó má baà dun àlejò. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ búlúù àkọ́kọ́. Kò ga ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Oníbọ̀wọ́ lọ pàdé rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ funfun, òrùka kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Èmi ni mo fọ aṣọ náà.

Ẹrù aṣọ ibùsùn mẹ́tàlá ló dé, ti àwọn Àgbà àti ti àwọn Tuntun pọ̀. Inú omi kan náà ni mo da gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tó gbẹ, mi ò mọ èwo ni ti ta.

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù mọ̀ ọ́n. Ó ṣa ti àwọn Tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan nípa ìṣẹ́po etí wọn. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé èkíní, ó fi í sílẹ̀ títí ó fi jó àpẹẹrẹ ara rẹ̀ sí i. Ó ká a dáadáa. Ó mú èkejì. Ogójì ló jó, kò dín, kò lé. Lẹ́yìn náà ló bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Keje. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kà á."

Mo kà á. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ilé ìfọṣọ pé ogójì, ó mọ́, kò ní àbùkù. Irọ́ kejì tí ọwọ́ mi kọ nìyẹn, Bàbá, mi ò sì kọ aago sí i.

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìnira. Wọ́n ti fún mi ní ìwé ìgbélùú ọdún mẹ́wàá, Oníbọ̀wọ́ ló mú un wá fúnra rẹ̀. Wọn ò ní kí n kọ iye kankan mọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣí lẹ́tà mi mọ́. Wọn ò nílò wa. Wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Láàárọ̀ yìí mo rí i pé bí wọ́n bá rẹ́ tán, orí koríko náà ni wọ́n ń tẹ́ tábìlì sí.

Mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ọkùnrin alásè ló ń gbé e bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lè dà á sómi bó bá wù wọ́n.

Bàbá, mo fẹ́ kọ aago mẹ́sàn-án sí ìdí lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ gbọ́. Mo ti gbé gègé lé ìwé.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.